Iṣẹ́ Wo Ni Bàbá Rẹ Ń Ṣe Nígbà Tí O Wà Ní Ọmọ Ọdún 14?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Wakefield ní Yorkshire, l'Ìlú Ọba, ni mò ń gbé, ọdún kẹta rèé. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe níbí. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí ń rú mi lójú. Lańlọ́ọ̀dù wa ní ilé iṣẹ́ púlọ́ńbà, ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ló ní, ilé mẹ́rin ló fi ń gba rẹ́ǹtì, síbẹ̀ ìgbàkigbà tó bá ti la ẹnu, "working class", ìyẹn ọmọ òṣìṣẹ́, lòun. Ìyá àgbàlagbà kan wà tí mo máa ń lọ tọ́jú: síwẹ́tà rẹ̀ ti já ní ìgúnpá, ilé rẹ̀ tutù bí inú fíríìjì, irun ajá kún orí àga, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń pè é ní "posh", èèyàn ọlọ́lá. Láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ gba iṣẹ́ ọ́fíìsì kan, ni fọ́ọ̀mù bá ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni ẹni tó ń mówó wọlé jù nílé wa ń ṣe nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14. Kí ló kàn wọ́n? Hẹ́dímásítà ni bàbá mi n'Íkìrun, ìyá mi ń ta aṣọ. Kí ni kí n kọ? Èmi gan-an, kíláàsì wo ni wọ́n ń kà mí sí? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn arúgbó o. Ọlọ́run á bá wa wo ìbejì. N ó fi ti fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná, torí bí ọ̀rọ̀ lańlọ́ọ̀dù yín àti ti màmá onísíwẹ́tà yẹn bá ti yé yín, fọ́ọ̀mù ò ní le mọ́.

Nílé lọ́hùn-ún, owó ló máa ń tètè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ta ẹja gbígbẹ l'Éjìnrìn lánàá, bó bá kọ́lé alájà mẹ́ta lónìí, tó gba oyè, àwọn onílù á wá oríkì tó bá a mu fún un. Kó tó tó ọdún mẹ́wàá, Olóyè ni gbogbo ayé ń pè é, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì di ọmọ Olóyè. Ibí kò rí bẹ́ẹ̀. Owó máa ń gòkè lọ, orúkọ á jókòó síbi tó wà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ: àwa là ń pa á lówe, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń lò ó bí òfin. Ilé tí wọ́n bí ọ sí, ohun tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ṣe, ohùn tó jáde lẹ́nu ìyá rẹ nígbà tó ń pè ọ́ wọlé, òun ni kíláàsì rẹ. Ohun tó wà ní báńkì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì jìnnà díẹ̀.

Ẹ bi lańlọ́ọ̀dù yín léèrè bàbá bàbá rẹ̀. Àgbègbè tí ẹ wà yẹn, bí kò bá jẹ́ kùsà èédú, a jẹ́ pé iléeṣẹ́ aṣọ ni. Ní 1920, àwọn tó ń wa èédú ní Ìlú Ọba lé ní mílíọ̀nù kan. Ní oṣù kẹta 1984 wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún kan gbáko ni wọ́n fi wà lójú títì kí wọ́n tó padà pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Kellingley, kùsà abẹ́ ilẹ̀ tó kẹ́yìn gbogbo wọn, kò jìnnà sí yín rárá. Oṣù Kejìlá 2015 ni wọ́n tì í pa. Ọmọ ibẹ̀ tó bá sọ pé "working class" lòun kì í sọ̀rọ̀ owó oṣù. Ó ń sọ apá ibi tí àwọn ará ilé rẹ̀ dúró sí lọ́dún yẹn, ẹni tó gbé búrẹ́dì wá fún wọn àti ẹni tó kọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Àwọn kan wà ní Castleford, ìlú tó wà nítòsí yín, tí wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí dòní.

Bọ́ọ̀lù wọn pàápàá, kíláàsì ló pín in. Ní 1895, àwọn ẹgbẹ́ rọ́gíbì ní àríwá, Wakefield Trinity wà lára wọn, péjọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò lára àwọn tó kù. Kí ló fà á? Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé ń pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí wọ́n san án padà fún àwọn. Àwọn ọ̀gá tó ń darí eré náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọlúàbí kì í gba owó eré. Ó rọrùn fún ẹni tí kò ní í sùn lébi láti sọ bẹ́ẹ̀. Rọ́gíbì méjì ló wà láti ìgbà náà, bí ẹ bá sì mọ èyí tí èèyàn ń wò, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Leeds, ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ní kí n wá jẹ "tea" nílé òun laago márùn-ún àbọ̀. Èmi rò pé tíì àti bísíkíìtì ni. Mo jẹ ẹ̀bà yó kí n tó kúrò nílé. Ìgbà tí mo débẹ̀, páì ẹlẹ́ran rèé, ọ̀dùnkún rèé, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé rèé, ìyàwó rẹ̀ ń bù ú lé àwo mi bí ẹni tó rí ọmọ tí wọn ò bọ́ láti ìjẹta. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní kí n wá bá àwọn jẹ "supper". Ẹ̀kọ́ ti kọ́ mi, n ò jẹ nǹkan kan lọ, mo kan ilẹ̀kùn laago mẹ́fà. Láìwọ bàtà ló jáde sí mi, ó ń wò mí bíi pé ọjọ́ ni mo ṣì. Oúnjẹ dé nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù. Oúnjẹ alẹ́ kan náà ni o! "Tea" ni lẹ́nu ọmọ òṣìṣẹ́, pàápàá ní àríwá. "Dinner" lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn ará àárín ("middle class"). "Supper" lẹ́nu àwọn tó wà lókè díẹ̀ sí wọn. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, ọmọ ọdún márùn-ún wọn sì mọ̀ ọ́n.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ màmá yín. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Ṣé "sofa" ló ń pe àga gígùn yẹn àbí "settee"? Ṣé "napkin" ló ń béèrè àbí "serviette"? Bó bá fẹ́ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé "toilet" ló ń wí àbí "loo"? "Sofa", "napkin" àti "loo" ni ti àwọn ọlọ́lá. Ní 1954, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ èdè kan ní Birmingham, Alan Ross, to irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ nínú àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n tẹ̀ ní Finland. Ó ní owó ò fi àwọn ọlọ́lá yàtọ̀ sí àwọn yòókù mọ́, ẹnu ló kù. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ara wọn nídìí àwo oúnjẹ.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ rántí pé nílé ìwé, bí a ò bá gbọ́ ohun tí tíṣà sọ, "Pardon, sir" ni wọ́n kọ́ wa. Ẹni tó bá ní "What?" á jẹ pàṣán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ yìí, "pardon" gan-an ló ń tú àṣírí ẹni tó ń tiraka láti gòkè. Àwọn fúnra wọn, "What?" tààrà ni. Ìyẹn ni pé gbogbo ìwà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi pàṣán gbìn sí wa lára, ti àwọn akọ̀wé kékeré wọn ni, àwọn tó ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má baà kà wọ́n mọ́ mẹ̀kúnnù.

Ẹni tí kò sí nínú ìbẹ̀rù yẹn kì í pààrọ̀ síwẹ́tà. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Àga tuntun, mọ́tò tuntun, ilé tó gbóná yòò, nǹkan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó ni lójú wọn. Àga màmá yẹn lè jẹ́ ti ìyá ìyá rẹ̀. Irun ajá yẹn náà, ẹ má fi wẹ́ ìdọ̀tí o. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ajá ní ẹ̀tọ́ sí àga ju àlejò lọ. Ó sì lè jẹ́ pé màmá ò lówó lọ́wọ́ mọ́ lóòótọ́. Kò yọ ọ́ kúrò níbi tó wà. Bí lańlọ́ọ̀dù yín bá ra ilé rẹ̀ lọ́la, "posh" ni màmá yóò ṣì máa jẹ́, òun náà á sì máa jẹ́ "working class" nínú ilé náà.

Àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba tó ń ka èèyàn ní tiwọn ò bèèrè ohùn. Láti 2001, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ni wọ́n fi ń pín ìlú sí ìsọ̀rí mẹ́jọ. Ìsọ̀rí kẹrin ni lańlọ́ọ̀dù yín bọ́ sí, pẹ̀lú àwọn tó ní iṣẹ́ kékeré tiwọn. Olùtọ́jú arúgbó, kẹfà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n lójú pópó kí ẹ gbọ́. Ìwádìí British Social Attitudes tó jáde ní 2016 rí i pé 60 nínú 100 ló pe ara wọn ní working class. Nínú àwọn ọ̀gá àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàápàá, àwọn lọ́yà, àwọn máníjà, 47 nínú 100 ló sọ bẹ́ẹ̀. Lańlọ́ọ̀dù yín ò dá wà.

Nílé, ibi kan ṣoṣo tí ẹ ti máa gbọ́ kí olówó máa pariwo pé ọmọ tálákà lòun ni ìdí ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ mi, ẹ wo ibi tí Olúwa gbé mi dé!" Ní Ìlú Ọba, àwọn olóṣèlú ló ń jẹ́ ẹ̀rí yẹn. Keir Starmer, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, sọ ọ́ títí, nígbà ìbò 2024, pé bàbá òun ń ṣe irin iṣẹ́ ní fakitírì, débi pé ó tún sọ ọ́ lórí tẹlifíṣàn lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, àwọn èrò ìwòran bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Pé lọ́yà àgbà tí ọba ti fi oyè Sir dá lọ́lá ló ń sọ ọ́ ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, tó lọ sí Winchester, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé tó wọ́n jù, ní àwọn òbí òun ò ra Sky TV, tẹlifíṣàn tí wọ́n ń sanwó fún, fún àwọn. Èyí tó dùn jù ni ti Victoria Beckham, olórin tó fẹ́ David Beckham agbábọ́ọ̀lù. Ó jókòó síwájú kámẹ́rà ní 2023, ó ní inú ìdílé òṣìṣẹ́ lòun ti wá. Ni ọkọ rẹ̀ bá yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó sọ òótọ́, mọ́tò wo ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sílé ìwé? Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Rolls-Royce ni.

Ìyàtọ̀ kan wà sí ti ṣọ́ọ̀ṣì o. Ẹni tó ń jẹ́rìí lọ́dọ̀ wa ń sọ pé òun ti kúrò níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń sọ pé àwọn ṣì wà níbẹ̀. Sam Friedman, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2021. Èèyàn 175 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nínú àwọn iṣẹ́ ńlá ńlá. Àwọn kan nínú wọn, ọmọ dókítà, ọmọ ọ̀gá iléeṣẹ́, fo òbí wọn kọjá, wọ́n lọ bá bàbá àgbà tó jẹ́ òṣìṣẹ́, ìtàn tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ara wọn. Ẹ̀ ń béèrè ìdí? Níbí, ẹni tó bá ti ilé ọlá wá ni wọ́n ń fura sí pé kò làágùn. Ẹni tó bá ní bàbá àgbà nínú kùsà, gbogbo ohun tó ní di ohun tó ṣiṣẹ́ fún. N kì í bá wọn bínú ju bó ṣe yẹ. Àwa náà ńkọ́, mélòó nínú wa tó ń pe ara rẹ̀ lọ́mọ ọba ló mọ ilé ọba náà?

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín yìí bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní England, ọmọ méje péré nínú 100 ló ń lọ sílé ìwé aládàáni olówó gọbọi. Nígbà tí àjọ Sutton Trust ka àwọn adájọ́ àgbà ní 2019, 65 nínú 100 ló ti irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ wá. Bí ọmọ òṣìṣẹ́ bá sì ráyè wọ inú iṣẹ́ ńlá yẹn, Friedman àti Daniel Laurison ṣírò rẹ̀ pé owó tó ń gbà fi nǹkan bí 16 nínú 100 kéré sí ti ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn ń gbé àti ilé iṣẹ́ tó wà ni. Èyí tó kù, ohùn ni, ẹ̀rín ni, ẹni tí ọ̀gá bá mu bíà lálẹ́ ni.

Ìdí tí fọ́ọ̀mù yín fi bèèrè nìyẹn. Àjọ Social Mobility Commission ti ìjọba ló gba àwọn agbanisíṣẹ́ nímọ̀ràn pé, nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n lè bi èèyàn, iṣẹ́ òbí nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14 ló ń fi ibi tó ti wá hàn jù. Wọn ò ní kẹ́ ẹ sọ kíláàsì yín, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá báńkì máa kọ "working class". Iṣẹ́ bàbá kò ṣeé fi sẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ òótọ́: olùkọ́, ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ ó rí i lára àwọn tí wọ́n kọ sábẹ́ iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àti dókítà. Mo mọ̀ pé ọkàn yín máa sọ pé, "Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kẹ̀? Bàbá tí wọ́n jẹ lówó oṣù, tó jẹ́ aṣọ tí màmá ń tà la fi ń jẹun?" Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, pé ọjà màmá ló ń mú owó wọlé jù nígbà tí ẹ wà ní 14, a jẹ́ pé iṣẹ́ màmá ni kí ẹ kọ, ọlọ́jà tó ní òwò tirẹ̀, ìsọ̀rí mìíràn nìyẹn. Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ṣe ìwọ̀n yẹn, ara Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rán an sí. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún tíṣà tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ kí, tí ẹran sì di ọjọ́ ọdún nílé rẹ̀. Bí wọ́n bá tún béèrè irú ilé ìwé tí ẹ lọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òkè òkun lẹ ti kàwé. Èyí tó bá jẹ́ ti oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé ìwé kò kàn yín. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ dáhùn rárá, àyè sábà máa ń wà láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá bi mí pé ẹ̀yin gan-an ńkọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, Kemi Badenoch, ọmọ wa tó ń du ipò olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative nígbà náà, sọ pé ìdílé àárín ni wọ́n bí òun sí, òun di working class nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ní McDonald's ní ọmọ ọdún 16. Bàbá rẹ̀ dókítà l'Ékòó, ìyá rẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Lójú ara Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìsinmi ọmọ ilé ìwé ò lè sọ ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n di ọmọ òṣìṣẹ́, bí a kì í ti í fi ojú òjò sọ ewúrẹ́ di ẹja. Èmi kì í dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n ò bá wọn rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn. Ohun tó ń sọ, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ bàlúù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ báńkì ọmọ hẹ́dímásítà, ẹ sọ̀kalẹ̀, wọ́n kó ìbọ̀wọ́ rọ́bà lé yín lọ́wọ́. Nínú àkọsílẹ̀ wọn, ibi tí ẹ ti wá wà lókè, iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe wà nísàlẹ̀, kò sì sí orúkọ tí wọ́n ní fún ẹni tó wà ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí àwọn ìwé ìròyìn wọn bá ń kọ̀wé nípa "working class", ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi "white" ṣíwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé arúgbó wọn dìde laago mẹ́fà àárọ̀ nínú yìnyín, tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì méjì, owó wákàtí tó kéré jù lórí òfin, òṣìṣẹ́ wo ló kù tó jù yín lọ? Síbẹ̀ "immigrant" ni wọ́n ń pè yín. Lójú tèmi, irọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ kíláàsì yìí nìyẹn, ó ju ti Rolls-Royce lọ. Bó bá wù yín kí ẹ pe ara yín ní working class, ẹ pè é, lańlọ́ọ̀dù yín ò jù yín lọ níbẹ̀. Bí kò bá wù yín, ọmọ hẹ́dímásítà Ìkìrun ni yín, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn.

Nǹkan kan ṣẹ́kù tí ẹ ò bi mí. Ìbejì yín. Ìlú Ọba níbí ni wọ́n ti ń dàgbà, wọ́n á ti máa pe oúnjẹ alẹ́ ní "tea" bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ẹ ó sì ti máa gbọ́ ohùn Yorkshire lẹ́nu wọn. Wọn ò ní lè fa ìlà síbi tí wọ́n kọ "òkè òkun" sí nínú fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wáṣẹ́, fọ́ọ̀mù yìí kan náà yóò wà níwájú wọn, Ìkìrun ò sì ní í sí nínú ohun tí wọ́n máa kọ. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin tàbí bàbá wọn ń ṣe lọ́dún tí wọ́n bá pé 14 ni. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí wọn fún mi. Ẹ parí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn kí ẹ fi ránṣẹ́ kí gbèdéke rẹ̀ tó kọjá.